Ìbò Àgùntàn Tútù

Ọjọ́ Ajé, 1 oṣù Keje

Lọ́yà tuntun pè láàárọ̀. Obìnrin ni, Imogen Castellari ni orúkọ rẹ̀, ó sì ń sọ̀rọ̀ wéréwéré bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀. Ó ní kóòtù kòtẹ́milọ́rùn ní Sydney ti dá ọjọ́ fún wa, Ọjọ́bọ̀, 15 oṣù tó ń bọ̀. Adájọ́ mẹ́ta ni yóò gbọ́ ọ, kò ní sí júrì, àwọn ará ìlú tí wọ́n ń kó jọ láti dá ẹjọ́. Mo ní ìyẹn dára, àwọn júrì méjìlá tí mo rí lóṣù Kẹta ti tó mi títí ayé.

Mo bi í pé kí la fẹ́ lọ sọ fún wọn gan-an. Ó ní ohun kan ṣoṣo ni. Pé pẹ̀lú gbogbo ẹ̀rí tí àwọn méjìlá yẹn gbọ́, kò yẹ kó dá ẹnikẹ́ni tórí rẹ̀ pé lójú pé Rohan ọmọ mi ló dáná sun ilé ìrẹ́run àgùntàn ti Strachan olóko.

"A ò ní mú ẹlẹ́rìí tuntun wá o, Màmá. Ohun tí wọ́n gbọ́ nígbà yẹn náà làwọn adájọ́ máa kà, láti orí dé ìdí."

"Kí ló dé tí wọn ò wá ẹni tórí ẹ̀ pé nígbà yẹn?"

Ó rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́fà ni wọ́n jù ú sí. Mo ra ìwé yìí lẹ́yìn tí mo gbé fóònù sílẹ̀, kí n lè rí ibi pariwo sí láìjẹ́ pé mò ń pariwo mọ́ èèyàn. Ìrì dì sórí koríko títí oòrùn fi ga, omi àwọn adìyẹ náà dì gbagidi.

Ọjọ́bọ̀, 4

Ìyàwó ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wá ra búrẹ́dì ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Ó rí mi lẹ́yìn káńtà, ló bá rántí pé búrẹ́dì wà nílé.

Ẹgbẹ́ obìnrin ti yọ orúkọ mi kúrò lára àwọn tí yóò se tíì lọ́jọ́ àfihàn ohun ọ̀gbìn àti oúnjẹ ọdún yìí. Wọ́n ní kí n sinmi. Kò sẹ́ni tó bi mí bóyá ó rẹ̀ mí.

Àbámẹ́ta, 6

Mo lọ wo Rohan. Ó ti rù sí i. Ọwọ́ rẹ̀ tó máa ń dán fún ọ̀rá irun àgùntàn ti gbẹ, ó ti dà bí ọwọ́ akọ̀wé.

"Màámi, ẹ tún ti gbé súwẹ́tà dúdú yẹn wọ̀. Ẹ ń ṣe bíi pé mo ti kú."

"Òtútù ló ń mú mi. Ṣé wọ́n ń fún ẹ lóúnjẹ?"

"Wọ́n ń fún wa ní nǹkan kan. Àwọn ló ń pè é lóúnjẹ."

Mo sọ ọjọ́ ẹjọ́ fún un. Ó mi orí. Mo wá bi í léèrè ohun tí mo máa ń bi í nígbà gbogbo. Mo ní, "Rohan, kí lo kọ sórí ìwé pélébé yẹn?" Ó yí ojú sí ẹ̀rọ tó ń ta ìpápánu lára ògiri, ó ní, "Ṣé adìyẹ pupa yẹn ti ń yé?"

Bó ṣe ṣe ní kóòtù nìyẹn. Agbẹjọ́rò ìjọba bi í níwájú gbogbo ayé pé, "Ìwọ ńkọ́, kí lo kọ?" Ọmọ mi fèsì pé, "Ẹ má bínú, sà. A kì í sọ ìyẹn." Mo ń wo ojú àwọn méjìlá yẹn. Ará ìlú ńlá ni wọ́n, kò sí ẹni tó ti mú àgùntàn dání rí nínú wọn. Mo rí i bí obìnrin tó jókòó níwájú ṣe ká apá mọ́ àyà. Àṣírí ni wọ́n pè é, wọ́n sì gbà pé ọ̀daràn nìkan ló ń ní àṣírí.

Olùrẹ́run ni bàbá rẹ̀ náà, kò sì sọ tirẹ̀ fún mi rí títí ó fi kú. Bí òjò bá ti pa àgùntàn, olúkúlùkù olùrẹ́run á rẹ́ méjì, á fọwọ́ pa irun náà wò, á kọ "tutù" tàbí "gbẹ" sórí ìwé pélébé, á jù ú sínú àkẹtẹ̀. Èyí tó bá pọ̀ jù ni gbogbo wọn á tẹ̀ lé. Tó bá jẹ́ tutù, wọ́n á jókòó ti tíì títí àgùntàn á fi gbẹ. Kò sẹ́ni tó ń bi ẹnì kejì pé kí lo kọ. Ọkọ lè bá aya jà, ọ̀rẹ́ lè bá ọ̀rẹ́ jà, wọn ò ní bi ara wọn ní ìyẹn.

Ọjọ́bọ̀, 11

Des Purtill já igi ìdáná sílẹ̀ fún mi, kò gba kọ́bọ̀. Des ni olórí àwọn olùrẹ́run tí Rohan ń bá ṣiṣẹ́. Òun ló ka ìbò lọ́jọ́ tí òjò pa àgùntàn Strachan, mẹ́rin gbẹ, mẹ́ta tutù. Ó sọ bẹ́ẹ̀ ní kóòtù. Òótọ́ náà ló sì rì wá. Nítorí onímọ̀ nípa iná ti sọ fún àwọn júrì pé irun tí wọ́n bá tẹ̀ sínú àpò ní tútù lè máa gbóná nínú lọ́hùn-ún fún ọjọ́ mélòó kan, títí á fi gbiná fúnra rẹ̀. Ó ní kì í sábà ṣẹlẹ̀, àmọ́ òun ò lè búra pé kò ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Agbẹjọ́rò ìjọba dìde, ó ní, "Àwọn tó rẹ́ ẹ fúnra wọn ló dìbò pé ó gbẹ. Irun gbígbẹ kì í ṣáná sí ara rẹ̀." Ó jókòó. Èmi gan-an fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á gbọ́.

Mo fún Des ní tíì àti kéèkì.

"Ìwọ náà mọ̀ pé ọmọ mi wà lára àwọn mẹ́ta tó kọ tutù."

"Glenys, ìwé pélébé kì í lórúkọ."

"O mọ ọwọ́ ìkọ̀wé ẹ̀ ṣáá."

"Mo ti jù wọ́n sínú ààrò kí omi tíì tó hó. Bá a ṣe ń ṣe é nìyẹn, o mọ̀ bẹ́ẹ̀."

"Ọmọ mi ń ṣẹ̀wọ̀n, o ń sọ bí ẹ ṣe ń ṣe é fún mi!"

Ó gbé àkẹtẹ̀ rẹ̀ dé orí. Lẹ́nu ọ̀nà ló ti yíjú padà, ó ní, "Kéèkì yẹn dùn." Mo fẹ́ ju ife mọ́ ọn. Àkẹtẹ̀ yẹn náà ni, ó ṣì ń dé e.

Ọjọ́rú, 17

Ìbàdí ń dùn mí nínú òtútù yìí. Dókítà ní egungun tuntun tí wọ́n fi sí i lọ́dún tó kọjá wà dáadáa, pé èrò ọkàn ni. Mo ní kó wá fi èrò ọkàn gun àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé mi.

Àmọ́ n kò gbọdọ̀ ráhùn. Ọdún kan àtààbọ̀ ni mo fi tò sórí ìlà kí wọ́n tó fún mi ní ọjọ́ iṣẹ́ abẹ yẹn, wọ́n sì ní bí n kò bá dé lọ́jọ́ náà, ìdí ìlà ni mò ń padà sí. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń rẹ́ àgùntàn Strachan ni. Mo da Rohan láàmù lórí fóònù. "O ò gbọdọ̀ já mi kulẹ̀ o. Ẹ parí iṣẹ́ yín lọ́jọ́ Ẹtì, kí o wá gbé mi." Ó ní ṣé Coral aládùúgbò wa ò lè gbé mi ni. Mo ní Coral ń wakọ̀ bí ẹni tó ń bá títì jà, èmi ò bá a lọ síbì kankan. Wọ́n parí lọ́jọ́ Ẹtì lóòótọ́. Àbámẹ́ta ló gbé mi lọ sí ọsibítù ní ìlú Orange. Ọmọ tó gbọ́ràn ni, kò já mi kulẹ̀ rí.

Oore yẹn ni wọ́n fi dè é. Ní Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, ó wá wò mí lórí bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tó ń padà lọ ní ìrọ̀lẹ́, ẹnì kan rí ọkọ̀ rẹ̀ nítòsí géètì Strachan, kò pẹ́ tí iná fi sọ. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà láti ibí dé Orange! Ọkọ̀ gbogbo wa ló ń gba ibẹ̀. Ẹ̀rí kejì, kẹrosíìnì lára ṣòkòtò rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé kẹrosíìnì ni gbogbo wọn fi ń fọ irin ìrẹ́run. Ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ tó sọ nílé ọtí lọ́jọ́ Ẹtì yẹn lẹ́yìn tí Strachan yọ nínú owó wọn nítorí àgùntàn tó fara gbọgbẹ́. "Ilé yẹn, iná ló yẹ ẹ́." Ta ni kò tíì sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ nípa ọ̀gá rẹ̀?

Ọjọ́ Ajé, 22

Adìyẹ pupa yé ẹyin kan. Epo ọkọ̀ tún ti gbówó lórí.

Ìṣẹ́gun, 30

Lọ́yà Imogen pè ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, inú rẹ̀ ń dùn.

"Màmá, ṣé ẹ rántí Col?"

Ta ni kò mọ Col? Òun ló ń tẹ irun sínú àpò lọ́dọ̀ wọn, kì í sọ̀rọ̀, bó bá sì sọ̀rọ̀, ẹ̀yìn imú ló fi ń sọ ọ́. Imogen ka àkọsílẹ̀ kóòtù fún mi. Wọ́n ti bi Col ní kóòtù bóyá ó rí nǹkan kan tó ṣàjèjì lọ́sẹ̀ yẹn. Ó ní rárá. Ó wá fi kún un pé àwọn àpò ìgbẹ̀yìn wúwo ju bí wọ́n ṣe máa ń wúwo lọ, àti pé nígbà tó ń tò wọ́n lé ara wọn ní àárọ̀ Àbámẹ́ta kó tó relé, ọ̀kan lọ́wọ́ọ́rọ́ lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Agbẹjọ́rò ìjọba ò bi í ní nǹkan kan sí i. Lọ́yà tiwa nígbà yẹn náà ò bi í. Àárín ọ̀sán ni, gbogbo èèyàn ti ń tòògbé.

"Ó wà nínú ẹ̀rí, Màmá. Àwọn júrì gbọ́ ọ. Kò sí bí wọ́n ṣe lè gbọ́ ìyẹn kí wọ́n má ṣiyèméjì."

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Èmi náà gbọ́ ọ, mo sì rò pé ọ̀rọ̀ lásán ni Col ń sọ. Inú bí mi sí ara mi títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ó tún bi mí ìdí tí Rohan ò fi dáhùn nípa ìbò. Ó ní àwọn adájọ́ máa bèèrè. Mo ní òótọ́ ni pé àṣà ni, àmọ́ agídí ọmọ mi náà wà nínú ẹ̀. Tó bá kọ tutù, kó sọ pé òun kọ tutù! Ẹni tó kọ tutù ń sọ pé irun náà tutù nìyẹn. Bó bá tutù, ó lè gbóná. Bó bá lè gbóná, kò sẹ́ni tó nílò ìṣáná. Ẹnu rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ wà, ó sì pa á dé.

Imogen ní kí n dúró ná. Ó ní, "Ṣé ó ti sọ fún yín rí pé tutù lòun kọ?" Mo ní kò nílò kó sọ, èmi ni mo bí i.

Àbámẹ́ta, 10 oṣù Kẹjọ

Mo ti bá a jà. Lọ́jọ́ mélòó kan sí ẹjọ́, mo lọ bá a jà.

Mo ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ fún lọ́yà pé tutù lòun kọ. Ó ní kóòtù ò gba ọ̀rọ̀ tuntun mọ́. Mo ní kó ṣáà sọ fún èmi, kí n lè fọkàn balẹ̀.

"Màámi, ẹ yéé bi mí."

"Ẹ̀tọ́ mi ni kí n bi ẹ́. Èmi ni mò ń ta búrẹ́dì fáwọn tó ń wò mí bí ìyá ọ̀daràn."

"Mo bẹ̀ yín."

"Bàbá ẹ ì bá ti sọ."

Irọ́ ni mo pa síbẹ̀, àwa méjèèjì sì mọ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó dìde, ó ní kí wọ́dà mú òun padà, bẹ́ẹ̀ àkókò ò tíì tó. Mo jókòó síwájú àga òfìfo. Obìnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fún mi ní súìtì, mo sì jẹ ẹ́ nítorí n kò mọ ohun mìíràn tí mo lè fẹnu ṣe.

Ọjọ́rú, 14

Sydney. Coral tẹ̀ lé mi wá, èmi ni mo wakọ̀. Yàrá kékeré kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri, wọ́n gba owó tí mo lè fi ra àgùntàn. Kọfí kan ṣoṣo, dọ́là márùn-ún ààbọ̀! Coral ní kí n má tú u dànù, kí n fi ọjọ́ méjì mu ún.

N kò lè jẹun. Mo ń rí bó ṣe dìde lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.

Ọjọ́bọ̀, 15

Adájọ́ mẹ́ta. Obìnrin ló wà láàárín, awò rẹ̀ wà ní ṣóńṣó imú. Ọkùnrin àgbàlagbà kan wà lápá ọ̀tún, ọ̀dọ́ díẹ̀ lápá òsì. Rohan wà nínú tẹlifíṣọ̀n lára ògiri, láti ọgbà ẹ̀wọ̀n, ó kéré bí àwòrán ìwé ìrìnnà. Mo gbé ọwọ́ sókè sí i, n kò mọ̀ bóyá ó rí mi.

Imogen dìde. Kò sáré sọ̀rọ̀ lónìí. Ó mú wọn gba ọ̀nà Orange, ó mú wọn dé ibi kẹrosíìnì, ó mú wọn dé ilé ọtí, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ló ka ọ̀rọ̀ Col.

Àgbàlagbà yẹn ló kọ́kọ́ da omi tútù sí i. "Àmọ́ wọ́n dìbò pé ó gbẹ. Ṣé ká sọ pé àwọn júrì ṣe wèrè nítorí wọ́n gba àwọn olùrẹ́run gbọ́ lórí irun àgùntàn?"

"Ọlọ́lá, mẹ́ta nínú méje sọ pé ó tutù. Ìbò ń sọ ohun tí àwọn tó pọ̀ jù fẹ́ ṣe. Kò sọ bí irun ṣe rí."

"Kí ló lè mú olùrẹ́run fẹ́ rẹ́ àgùntàn tútù?"

"Ó lè rẹ̀ ẹ́, Ọlọ́lá. Ó lè máa wù ú kó tètè parí, kó relé."

"Ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn kọ̀ láti sọ tirẹ̀," obìnrin àárín ló sọ̀rọ̀ wàyí. "Àwọn júrì rí ojú rẹ̀ nígbà tó ń kọ̀. Àwa ò rí i."

Imogen ní ọ̀gbẹ́ni Purtill ti ṣàlàyé nínú ẹ̀rí pé kò sí olùrẹ́run tó ń sọ ọ́, àti pé ẹnì kan ò lè torí pé ó pa àṣà iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ di ọ̀daràn. Obìnrin náà kọ nǹkan sílẹ̀. Mo ń wo Rohan nínú tẹlifíṣọ̀n. Ó ti sorí kọ́.

Agbẹjọ́rò ìjọba ní àwọn júrì ló ni ìdájọ́, kì í ṣe iṣẹ́ àwọn adájọ́ láti gba ipò wọn. Ó ní ìwà ẹni tó mọ nǹkan tó sì ń fi í pamọ́ ni ọmọ mi hù. Ọ̀dọ́ apá òsì bi í pé, "Àpò tó lọ́wọ́ọ́rọ́ ńkọ́?" Ó ní oòrùn lè ti pa á. Ọ̀dọ́ náà ní, "Nínú ilé? Ní oṣù Karùn-ún tí òtútù ti dé?" Coral gbá mi lẹ́sẹ̀ lábẹ́ bẹ́ǹṣì, ẹsẹ̀ tí ìbàdí rẹ̀ ń dùn mí gan-an ló bá.

Wọ́n ní àwọn yóò ránṣẹ́ pè wá nígbà tí àwọn bá parí èrò. Wọn ò sọ ọjọ́.

Ẹtì, 16

A padà sílé. Kọlọ̀kọ̀lọ̀ ti gbé adìyẹ méjì, ó ṣẹ́ ku pupa.

Ọjọ́bọ̀, 29

Òjò látàárọ̀. Mo pàdé Strachan níbi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ ẹran. A kò tíì bá ara wa sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ ìdájọ́. Ó ti darúgbó. Ó gba àpò oúnjẹ adìyẹ lọ́wọ́ mi, ó gbé e sínú ọkọ̀ mi láìjẹ́ pé mo ní kó ṣe é. Ó wá dúró nínú òjò.

"Ajá mi wà lábẹ́ ilé yẹn, Glenys. Èmi ni mo so ó mọ́bẹ̀ fúnra mi."

"Mo gbọ́ nígbà yẹn. Ó dùn mí."

"Ṣé ọmọ rẹ ló ṣe é?"

"Rárá."

"Ta ló wá ṣe é?"

Ó fọwọ́ gbá ọkọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni ń gbá ẹṣin, ó bá tirẹ̀ lọ. Mo ti múra gbogbo èébú tí mo fẹ́ bú u sílẹ̀ láti ọdún tó kọjá, kò sì sí ọ̀kan tó wúlò.

Àbámẹ́ta, 7 oṣù Kẹsàn-án

Ọjọ́ àfihàn. Wọn ò jẹ́ kí n se tíì, wọn ò lè ní kí n má gbé kéèkì wá. Kéèkì eléso mi gba ipò kejì! Ìyàwó ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ló gba ipò kìíní, pẹ̀lú ohun tó gbẹ bí eérú yẹn. Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, mo ń fojú wá adájọ́ kéèkì láti pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Coral rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó rántí pé kò yẹ kí n máa rẹ́rìn-ín.

Àbámẹ́ta, 14

Mo lọ wò ó. Ojú ń tì mí. Mo wọ súwẹ́tà aláwọ̀ ewé.

Mo sọ fún un nípa kéèkì, nípa kọlọ̀kọ̀lọ̀. Mo sọ nípa Strachan náà, bó ṣe gbé àpò fún mi. Nígbà tí mo dé ibi ajá, ó fi ọwọ́ bo ojú, mo sì fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. N kò bi í ní ohunkóhun. Nígbà tí wọ́dà kígbe pé àkókò ti tó, Rohan ní, "Ẹ ṣeun, Màámi." Mo mọ ohun tó ń dúpẹ́ lé lórí.

Bí wọ́n bá sọ pé rárá, n kò mọ bí mo ṣe máa wa ọkọ̀ yìí ní gbogbo ọ̀sẹ̀ fún ọdún márùn-ún sí i. Ẹ̀rù ń bà mí. Kò sẹ́ni tí mo lè sọ ọ́ fún, mo wá ń sọ ọ́ síbí.

Ọjọ́bọ̀, 26

Imogen pè. Ọ̀la ni ìdájọ́, aago mẹ́wàá. Mo fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo ní mo fẹ́ kó wọn kúrò lórí okùn kí n má baà fi ọwọ́ ara mi fa oríburúkú. Mo fi wọ́n síbẹ̀.

Ẹtì, 27

Ó ti délé. Mo kọ ọ́ sókè níbí kí n lè máa rí i, kí n tó kọ ìyókù.

Aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀ ni fóònù dún ní ilé búrẹ́dì. Imogen ń sunkún, mo rò pé a ti pàdánù. Méjì sí ọ̀kan. Àgbàlagbà yẹn ní àwọn júrì lẹ́tọ̀ọ́ sí èrò wọn. Obìnrin àárín àti ọ̀dọ́ ní kò rí bẹ́ẹ̀, pé júrì tó bá ronú dáadáa kò lè ṣàì ṣiyèméjì, wọ́n sì pa ìdájọ́ náà rẹ́. Kò ní padà sí kóòtù mọ́. Imogen ka ibì kan fún mi nínú ohun tí obìnrin náà kọ, mo ní kó tún un kà. Ó ní ìbò tí àwọn òṣìṣẹ́ dì kò lè gbẹ irun tó tutù.

Méjì sí ọ̀kan. Bí ọ̀kan nínú wọn bá jí pẹ̀lú orí fífọ́ ńkọ́? N kò fẹ́ ronú kàn án.

Mo dé ẹnu ọ̀nà ọgbà ẹ̀wọ̀n kí wọ́n tó tú u sílẹ̀. Ó jáde pẹ̀lú báàgì kan lọ́wọ́. Ó dì mọ́ mi pẹ́, ó ní mo ń run búrẹ́dì. Ó ní kí n jẹ́ kí òun wakọ̀.

Nígbà tí a dé géètì Strachan, ó dẹ ìrìn ọkọ̀, ó dúró. Wọ́n ti ń gbé ilé ìrẹ́run tuntun dìde, òpó rẹ̀ ti dúró, kò tíì ní òrùlé. Rohan pa ẹ́ńjìnnì. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí sítíárì.

"Ẹ ò tíì bi mí láti oṣù tó kọjá."

"N kò ní bi ẹ́ mọ́."

"Gbẹ ni mo kọ, Màámi."

Mo rò pé n kò gbọ́ ọ dáadáa. Mo gbọ́ ọ dáadáa.

"Irun yẹn rin gbìndìn lọ́wọ́ mi. Mo mọ̀. Mẹ́rin sí mẹ́ta, Màámi. Tí mo bá ti kọ ohun tí ọwọ́ mi gbọ́, à bá ti jókòó dìgbà tó bá gbẹ. Ajá yẹn ì bá wà láàyè." Ó ń wo òpó ilé náà. "Nígbà míràn nínú ibẹ̀, mo máa ń rò pé ó tọ́ kí n ṣe díẹ̀ nínú ọdún yẹn."

Ọ̀rọ̀ ti dé ẹnu mi, mo fẹ́ bi í pé kí ló dé, kí ló lè mú un ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ti la ẹnu. Ló bá ní, jẹ́jẹ́, láì wò mí, "Mo fẹ́ délé lọ́jọ́ Ẹtì."

Mo pa ẹnu mi dé. Ohùn ara mi lórí fóònù ni mò ń gbọ́. Oṣù méje ni mo fi ń dá a lóró kó sọ ohun tó ń fi ẹ̀wọ̀n bò fún mi. Mo fọwọ́ kan ìbàdí mi, mo yára gbé ọwọ́ náà kúrò, àmọ́ ó ti rí i.

"Màámi, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀."

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. A jókòó síbẹ̀ títí ọkọ̀ ńlá kan fi fọn fèrè sí wa pé ká kúrò lọ́nà. Lẹ́yìn ìyẹn ló tó ṣáná sí ọkọ̀.

Mo din ẹyin méjì fún un, ti adìyẹ pupa. Ó jẹ ẹ́ tán, ó sùn sórí aṣọ tí mo fọ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 29

Coral gbé kéèkì wá, gbogbo ìlú ló rán an. Rohan wà ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń tún àtẹ̀gùn mi ṣe. Coral jókòó, ó bu ṣúgà sí tíì, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ó ti tán báyìí, sọ fún mi. Kí ló kọ sórí ìwé yẹn?"

Mo ní, "Má bínú, Coral. A kì í sọ ìyẹn."